Ẹ Fi Ìdíje Sílẹ̀ Ná, Ẹ Fún Wa Ní Tábìlì

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé ìkàwé gbogboogbò, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ fi eré àdììtú pe ará àdúgbò jọ, ẹ má fi ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá tábìlì ńlá kan àti àga bíi mẹ́rin, ẹ da jigsaw kan sórí rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tán.

(Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: jigsaw ni àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí èèyàn á máa to ègé mọ́ ègé títí àwòrán á fi pé.)

Mi ò bá ìdíje jà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tò gidi ní ìdíje àgbáyé tiwọn, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Valladolid lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n mo ti bá wọn ṣètò irú rẹ̀ rí ní ilé ìkàwé kan, ojú mi sì rí nǹkan. Bí aago ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá kan ń já ègé gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: "Gbé e wá jàre, o ti ń pẹ́ jù!" Kò pẹ́ tí ọmọ fi wà lábẹ́ tábìlì, tó ń fi okùn bàtà rẹ̀ ṣeré. A pín ẹ̀bùn, a ya fọ́tò, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ náà, agbára káká ni mo fi tún fojú kan ẹni méjì.

Nígbà tó ṣe, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ da jigsaw sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò kéde rẹ̀, kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bàbá kan wà tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé jókòó ti tábìlì náà, ó mú ègé kan lọ́wọ́, ó ń gbìyànjú rẹ̀ káàkiri ojú ọ̀run inú àwòrán. Bàbá ń kọjá lọ, ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyẹn kì í ṣe ojú ọ̀run. Omi ni. Wo ìlà funfun ara rẹ̀."

Ọmọ náà gbé ègé náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí i díẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jókòó, sà."

Bàbá jókòó. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì mú ìwé ìròyìn tó fi yà síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ yẹn ti ń sọ fún un pé, "Bàbá, mo fi omi sílẹ̀ fún yín o, ajá ni mò ń tò."

Ẹ má wulẹ̀ pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń wí kéré ju ìyẹn lọ. Ojú àwọn méjèèjì wà lórí tábìlì, ẹnì kan ò wo ẹnì kejì lójú, ìtìjú ò sì ríbi wọlé. Kò sí dandan pé kí èèyàn mọ̀wé, tàbí kó gbọ́ èdè tí gbogbo ilé ń sọ. O lè to ègé méjì péré kí o sì bá tìẹ lọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá a níbi tí o bá a dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ilé ìkàwé kì í ṣe pápá ìṣeré. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi dá eré yìí sílẹ̀ kẹ̀! John Spilsbury, tó ń ṣe máàpù ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1760, ló lẹ máàpù mọ́ pákó, tó gé e gba ẹnu ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọdé lè fi mọ ibi tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn ilé ìkàwé kan níbẹ̀ ń yáni ní jigsaw bí wọ́n ṣe ń yáni níwèé. Crossword ńkọ́, eré tí èèyàn ti ń wá ọ̀rọ̀, tó sì ń kọ lẹ́tà rẹ̀ sínú àwọn àpótí kéékèèké? Ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1913 ni àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tí Arthur Wynne ṣe, jáde nínú ìwé ìròyìn New York World. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, ilé ìkàwé gbogboogbò ti New York ń ráhùn pé àwọn tó ń ṣe crossword ti ṣù bo àwọn ìwé atúmọ̀ èdè, akẹ́kọ̀ọ́ ò ráyè dé ìdí wọn mọ́. Èwo nínú yín ni ò ní fi ọwọ́ méjèèjì gba irú wàhálà yẹn lónìí?

Ẹ má lọ gbé tábìlì kékeré o. Jigsaw ẹlẹ́gbẹ̀rún ègé, tó bá pé, máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70, ó sì máa ń fẹ̀ tó 50, àwọn ègé tí ẹ ò tíì tò náà sì ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ́ sí. (Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pè é ní ẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 1026, torí ègé 38 lọ́nà 27 ni.) Ẹ fi 500 bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbé e sí yàrá tí wọ́n ti ń kàwé jẹ́jẹ́, torí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi jigsaw tọrẹ, mo bẹ̀ yín, bí ègé kan bá ti sọ nù, ẹ kọ ọ́ sára páálí. Èyí tí mo ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tò ó, ló bá ku ojú kan lára ajá. A gbálẹ̀, a da àga dé, a gbọn páálí. Kò sí. Ni ọmọ yẹn bá gé páálí pélébé, ó tẹ̀ ẹ́ wọ ihò náà, Bàbá sì yọ bírò rẹ̀ láti kun ojú. Ojú kan dúdú, èkejì búlúù, torí bírò búlúù ló wà lọ́wọ́ Bàbá. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tú u ká.