Ẹ Bi Àwọn Ọmọ Náà

Ó ti sú mi! Gbogbo ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé ìwé girama ìjọba tí ọmọ mi ń lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, orin kan náà ni: owó àga, owó ọ̀dà, owó ọlọ́dẹ. Bí mo bá ní ta ló ń kọ́ wọn ní físíìsì, wọ́n á ní ká ṣe sùúrù, tíṣà ń bọ̀. Sáà kẹta rèé. Ọmọ mi ní ìwé àwọn tó ti jáde làwọn ń dà kọ.

Mo sọ èyí nípàdé, bàbá kan dìde fùú, ó ní ẹnu ọmọdé ni mò ń gbọ́. Ẹnu ta ni kí n tún gbọ́? Ọmọ yẹn ló ń jókòó sí kíláàsì láti àárọ̀ dọ̀sán. Òun ló máa kọ WAEC, kì í ṣe bàbá yẹn.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pariwo ní ìsọ̀ telọ pé ilé ìwé ìjọba ti bàjẹ́ tipẹ́, tí wọn ò yọjú sípàdé rí. Ní ìlú tí wọ́n ti dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀ ní 1913! Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, Ìkẹ́nnẹ́ tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n ti bí i. Báwo la ṣe wá gbà pé bó ṣe máa rí nìyí?

Mi ò gbà. Ìpàdé tó ń bọ̀, mò ń mú ọmọ mi dání, òun ni yóò sì sọ̀rọ̀.