Ọlọ́pàá la pè wọ́n, a ò pè wọ́n ní oníbọn

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: oní àti ọ̀pá. Ẹni tó ní ọ̀pá lọ́wọ́ ni ọlọ́pàá, orúkọ tí kóńdó fún un. Kì í ṣe pé àwọn baba wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun ìjà sọ ènìyàn lórúkọ o. Akódà tó máa ń lọ mú arúfin wá fún ìjòyè ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, idà ọwọ́ rẹ̀ ló bí orúkọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn ni wọ́n fi dá ẹni tuntun yìí mọ̀, oníbọn là bá máa pè é dòní.

Ọ̀pá kì í sì í ṣe igi lásán lọ́dọ̀ wa. Ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè dé òde kan á fi ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó bá sì rí ọ̀pá náà ti rí ọba. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bó ṣe wúwo tó.

Òyìnbó náà mọ èyí dáadáa nílé ara rẹ̀. Láti 1829 tí ọlọ́pàá ìgboro London ti wà, kóńdó ni wọ́n ń mú rìn, púpọ̀ nínú wọn ò sì gbé ìbọn títí dòní. Èkó tí wọ́n gbà ní 1861 wá ńkọ́? Àwọn ọkùnrin Hausa tó dira ogun ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Kóńdó fún ọmọ ilé, ìbọn fún wa. Nígbà tí wọ́n so ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ ní 1930, Nigeria Police Force ni wọ́n sọ ọ́. Ipá wà nínú orúkọ náà gbangba. Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn Yorùbá lórí rédíò: "iléeṣẹ́ ọlọ́pàá" ni akàròyìn ń wí. Ipá ti já bọ́ sọ́nà.

Lórí títì nìkan ni kò tíì já bọ́. Géńdé kan ti ẹnu AK-47 bọ fèrèsé dánfó, ó ní kí dírẹ́bà tó tó bàbá bí i lọ́mọ bọ́ sílẹ̀. "Sọ̀kalẹ̀!" ló wí, kò fi "ẹ" kankan ṣíwájú. Ìwé ọkọ̀ ló fẹ́ wò. Kí ni ìbọn fẹ́ kà nínú ìwé ọkọ̀?

Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ìbọn kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò, tó ń darí ọkọ̀, tó ń ṣọ́ òde ayẹyẹ. Kí wọ́n tì í mọ́ àgọ́ fún àwọn tó ń lé adigunjalè àti ajínigbé.

Wọ́n á ní olè ń gbé ìbọn. Òótọ́ ni, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni mú kóńdó lọ pàdé ajínigbé nínú igbó. Ṣùgbọ́n tìtorí adigunjalè náà ni wọ́n ṣe dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS sílẹ̀ ní 1992. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kọ́ èjìká ni wọ́n ń na ìbọn ọ̀hún sí, títí àwọn ọmọ fi tú síta ní oṣù kẹwàá 2020, tí ìjọba sì tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn.

Kí Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ tó wà láàárín ìgboro, lọ́sàn-án gangan, níbi tí dírẹ́bà ti ń wá ìwé ọkọ̀ nínú àpótí pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.