Ta Ló Sọ Pé Ẹ̀tù Àtijọ́ Ti Kú?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan gbé irin róbótó kan wá bá mi ní Tánkẹ̀, Ìlọrin. Ó ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gbé e kiri oko lọ́nà Ìdófìan bí ẹni tó ri góòlù mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Irin náà tó ọsàn ńlá, ìpẹtà ti bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ọta àgbá ogun Ọ̀fà nìyí. Wọ́n ní owó ńlá ni lórí WhatsApp."

A gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò mẹ́rin géérégé. Mo yí i padà, mo rí ọ̀dà pupa díẹ̀ lábẹ́ ìpẹtà, àti "4 KG" tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Irin tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ń jù níbi eré ìdárayá ni!

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín mi ò pẹ́ nígbà tó ní òun ti fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí òun lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ṣófo. Mo bá a wí gidi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ti ogun, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nílẹ̀. Ó ti kú."

"Ó ti kú" yìí, ẹnu gbogbo ayé ló wà. Irọ́ ni.

Àwọn ọta àgbá kan wà tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n rọ ẹ̀tù dúdú sí. Èédú, imí-ọjọ́ àti saltpetre (irú iyọ̀ kan tó ń mú iná jó) ni ẹ̀tù dúdú. Èwo nínú wọn ló ń jẹrà? Omi nìkan ló ń bá a jà, torí saltpetre máa ń yọ́ sómi. Ẹ wá bi ọdẹ: bí òjò bá pa ẹ̀tù rẹ̀, ṣé ó máa ń dà á nù ni? Á sá a sóòrùn ni, bó bá sì gbẹ, á tún dún. Ti inú ọta àgbá tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: irin tó nípọn ló yí i ká, wọ́n tún dí i lẹ́nu. Kò nílò afẹ́fẹ́ kó tó jó, saltpetre ló ń fún un ní èémí.

Ní 2008, ọkùnrin kan ní Virginia, Amẹ́ríkà, tó mọ ọta àgbá bí ẹní mowó, ń tún ọ̀kan ṣe nílé ara rẹ̀. Látìgbà ogun abẹ́lé wọn ni, 1861 sí 1865. Ó bú, ó sì pa á.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni pé róbótó ni gbogbo wa ń wá. Ogun Ọ̀fà àti ti Kiriji (1877 sí 1886 ni ti Kiriji), ṣakabùlà àti ìbọn Snider ló gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ọta wọn kò tó ohun tí à ń fọwọ́ méjì gbé. Nígbà tí Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà wọ Ìlọrin ní oṣù Kejì ọdún 1897, wọ́n gbé ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra wá, wọ́n sì gbé àgbá oní-páùn-méje, èyí tí ọta rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi páùn méje. Ọta àgbá yẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ó gùn bí igo, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje àtààbọ̀, ó sì ní àwọn kókó kéékèèké lára. Wọ́n gbẹ́ ipa gbọọrọ mẹ́ta sínú ẹnu àgbá náà. Àwọn kókó yìí ló ń bá ipa náà lọ kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde. Ẹ̀tù ló kún inú òmíràn, òmíràn sì ní ọta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ẹ̀tù díẹ̀.

Ẹni tó bá hú irú èyí lóko, ó lè pè é ní àjákù páìpù, kó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n á sì dá iná gáàsì sí i.  

Bí ẹ bá rí èyí tó gùn tó sì ní kókó, tàbí róbótó tó ní ihò kan ṣoṣo tí nǹkan dí, ẹ má gbé e, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi nǹkan tọ́ ihò náà. Ẹ fi ẹ̀ka igi sàmì sí ọ̀nà ibẹ̀, ẹ kúrò, ẹ pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí bọ́ǹbù.

Irin kílò mẹ́rin náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, òun la fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Mo sì gba òòlù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.