Òkúta Ìsàlẹ̀ Ìkòkò Kì í Gba Òdòdó Lọ́wọ́ Omi

Àbúrò mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó ti ra ìkòkò tuntun fún òdòdó inú ilé rẹ̀ kan, torí pé gbòǹgbò ti kún ìkòkò àtijọ́ bámúbámú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni òkúta tí mo máa kó sísàlẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó kí n tó da erùpẹ̀ lé e?" Mo ní kó má kó ẹyọ kan síbẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní kí òun kó o: ẹni tó ta ìkòkò fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, àti fídíò mẹ́ta tó ti wò. Ó fi ọ̀wọ̀ gbọ́ mi dópin, ó dúpẹ́, ó sì lọ kó òkúta sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa pípààrọ̀ ìkòkò òdòdó tí wọn ò ní kọ́kọ́ dárúkọ òkúta. Àwọn kan ní àpáàdì ló dáa jù, àwọn mìíràn ní èédú, àwọn mìíràn sì ń fọ́ fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ tuntun sí i. Ọ̀kan náà ni ìgbàgbọ́ wọn: pé tí ohun tó ní àlàfo ńlá bá wà nísàlẹ̀, omi á yára kúrò nínú erùpẹ̀, á lọ sáàárín òkúta, gbòǹgbò ò sì ní jẹrà. Omi kì í rìn báyẹn nínú ìkòkò.

Erùpẹ̀ kún fún àwọn àlàfo tín-ín-tìn-ín tí ojú ò lè rí, omi a sì máa lẹ̀ mọ́ wọn lára. Bí àlàfo bá ṣe kéré tó ni agbára tó fi ń di omi mú ṣe ń pọ̀ tó. Agbára yìí náà ló ń jẹ́ kí òwú àtùpà fa kẹrosíìnì gòkè láìsí ẹni tó ń tì í. Àárín òkúta ńkọ́? Àlàfo ibẹ̀ ti tóbi jù, kò lè fa omi mọ́ra. Torí náà, nígbà tí omi bá sọ̀ kalẹ̀ débi tí erùpẹ̀ ti pàdé òkúta, ńṣe ló máa dúró. Erùpẹ̀ dì í mú, òkúta ò sì ní ohun tó máa fi já a gbà. Ó di ìgbà tí ìsàlẹ̀ erùpẹ̀ náà bá rin gbingbin, tí kò lè gba ẹ̀kán kan sí i mọ́, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sáàárín òkúta. Èyí tó kù nínú erùpẹ̀ kò ní kán. Ibẹ̀ ló máa wà.

Erùpẹ̀ tó rin gbingbin yìí máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo ìkòkò lẹ́yìn téèyàn bá ti bomi rin ín, yálà òkúta wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Irú erùpẹ̀ tẹ́ ẹ lò ló ń sọ bó ṣe máa nípọn tó. Tí kò bá sí òkúta, ìdí ìkòkò gan-an ló máa wà. Tẹ́ ẹ bá kó òkúta tó ga ní ìka mẹ́rin síbẹ̀, ẹ ti gbé e gòkè ní ìka mẹ́rin nìyẹn, ẹ sì ti gbé e sún mọ́ àárín gbòǹgbò. Ohun tẹ́ ẹ ń sá fún lẹ fọwọ́ ara yín fà wọlé.

Ẹni tí kò bá gbà, kó mú fóòmù tí wọ́n fi ń fọ abọ́, èyí tó gùn tó sì ní igun mẹ́rin. Kó rì í sínú omi títí á fi mu yó. Kó gbé e jáde, kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí àtẹ́lẹwọ́, kó má fún un. Omi á kán, á kán, á wá dá. Nígbà tó bá ti dá pátápátá, kó dá fóòmù náà dúró lóòró. Omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Fóòmù kan náà ni, omi kan náà ni, gíga nìkan ló yí padà. Bí ohun tó di omi mú bá ṣe ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo omi á ṣe lágbára láti já ara rẹ̀ gbà. Ohun tí òkúta sì ń ṣe nínú ìkòkò ni pé ó ń sọ erùpẹ̀ di kúkúrú. Ìkòkò tó ga ní 20 sẹ̀ǹtímítà, tí òkúta bá gba 5 nínú rẹ̀, erùpẹ̀ 15 ló kù fún òdòdó. Fóòmù yín lẹ tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn.

Èmi fúnra mi ò fi mọ sórí fóòmù. Mo mú ife ike mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ gaara, tí ojú ń rí inú rẹ̀, mo dá ihò sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Erùpẹ̀ nìkan ni mo rọ sí ti àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, mo wá rọ irú erùpẹ̀ kan náà lé e. Ìkẹta dà bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ mo ti òwú àtùpà gba ihò ìdí rẹ̀ wọlé, mo jẹ́ kó fara kan erùpẹ̀ dáadáa, mo sì jẹ́ kí ìdí òwú náà fì sísàlẹ̀. Mo bomi rin gbogbo wọn títí omi fi ń jáde, mo fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀. Nínú ife àkọ́kọ́, erùpẹ̀ tó dúdú tó sì rin wà nídìí ife. Nínú ìkejì, erùpẹ̀ dúdú yẹn jókòó sórí òkúta gẹ́lẹ́, ó là bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Òkúta abẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ. Omi tí wọ́n ní á sọ̀ kalẹ̀ ń wo òkúta nísàlẹ̀, kò lọ. Ife ìkẹta ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi: òwú àtùpà lásán ti fa omi jáde débi pé erùpẹ̀ dúdú ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ máà sí mọ́. Àlàfo ara òwú kéré, ó lè gba omi lọ́wọ́ erùpẹ̀. Òkúta ò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé ènìyàn. Ní 1959, Walter Gardner, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Washington State ní Amẹ́ríkà, ya omi sínú fíìmù bó ṣe ń rìn láàárín erùpẹ̀. Ojú ríran rí i pé nígbà tí omi dé ibi tí erùpẹ̀ kíkúnná ti pàdé èyí tó rí hóró-hóró, ó dúró, ó sì ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó kọjá. Ní yunifásítì yẹn náà, Linda Chalker-Scott ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé sí àwọn tó ń gbin òdòdó pé kí wọ́n yé kó òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò. Èyí tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti pápá gọ́ọ̀fù. Láti 1960 ni USGA, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, ti gbé ìlànà kan jáde fún ibi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò: òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó nǹkan bíi 10 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀, iyanrìn bíi 30 sẹ̀ǹtímítà lórí rẹ̀. Wọ́n tò ó báyẹn kí iyanrìn, tí kì í di omi mú, lè rí omi pa mọ́ fún koríko, kó sì jẹ́ pé kìkì àpọ̀jù ló máa ṣàn lọ lásìkò òjò ńlá. Òkúta tí wọ́n ń kó sínú ìkòkò kí omi lè tètè lọ, àwọn yẹn ń lò ó kí omi má bàa tètè lọ.

Mo ti fi òdòdó san owó ẹ̀kọ́ yìí. Mo ní ọ̀kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó dúdú, tó ń dán. Nígbà tí mo pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi: ìkòkò ńlá, òkúta tó pọ̀ nísàlẹ̀, erùpẹ̀ dúdú lókè. Láàárín oṣù kan, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ojú erùpẹ̀ gbẹ, mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo tún bomi sí i. Nígbà tí mo hú u, gbòǹgbò tòkè funfun, ó le. Èyí tó wà lórí òkúta gẹ́lẹ́ ti dúdú, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́. Ibi tí omi bá ti gba gbogbo àlàfo, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Mo sunkún òdòdó yẹn gidi.

Ẹ máa ní màmá yín ń kó òkúta sí i, òdòdó wọn ò kú. Mo gbà. Ọwọ́ màmá kì í yá sí omi, ohun tó gbà á là nìyẹn. Ẹ ní kí erùpẹ̀ má bàa jò gba ojú ihò: àpáàdì kan ṣoṣo tàbí ègé nẹ́ẹ̀tì kékeré ti tó. Ẹ ní kí ìkòkò lè wúwo: ẹ ra èyí tó wúwo.

Ìwádìí kan jáde ní 2025 tó rí i pé òkúta a máa dín omi tó kù sínú àwọn irú erùpẹ̀ kan kù. Ó dáa, mo ti gbọ́. Àyè tó gbà lọ́wọ́ gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀, ohun tó sì ń pa òdòdó, kò wò ó sàn.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń kó òkúta sínú ìkòkò tí kò ní ihò rárá, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni omi á máa dúró sí. Omi yẹn ò níbi tó máa gbà jáde, ẹ ò sì ní rí i títí á fi kún dé gbòǹgbò. Tí ìkòkò bá wù yín ṣùgbọ́n tí kò ní ihò, ẹ gbin òdòdó sínú ike tó ní ihò, kẹ́ ẹ wá gbé ike náà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa da omi tó bá ṣàn sínú ìkòkò náà nù.

Ihò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà erùpẹ̀. Ẹ po ohun tó rí hóró-hóró, bíi perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) tàbí èèpo igi wẹ́wẹ́, mọ́ gbogbo erùpẹ̀ yín látòkè délẹ̀, ẹ má tò ó ní ìpele-ìpele. Tó bá jẹ́ ọ̀já ìkookò àti irú rẹ̀ tó ń fi ewé tọ́jú omi, ẹ jẹ́ kí èyí tó rí hóró-hóró náà pọ̀ dáadáa. Kí ìkòkò tuntun fi ìwọ̀n ìka kan péré ju ti àtijọ́ lọ yí ká, torí erùpẹ̀ tí gbòǹgbò ò tíì dé máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ rọra tú gbòǹgbò tó ti lọ́ mọ́ra wọn, ẹ gé èyí tó bá ti rà, kẹ́ ẹ má sì rì í jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ tó tún bomi sí i, ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀. Ojú òkè rẹ̀ máa ń parọ́.

Àbúrò mi tún pè mí lánàá, ọjọ́ kẹta. Ó ní ìdí ìkòkò ṣì wúwo, òun sì ti ronú sí i. Mo ní kó hú u kí gbòǹgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kó kó òkúta jáde, kó fi erùpẹ̀ dí àyè rẹ̀. Ó bi mí pé kí lòun máa wá fi òkúta tóun fowó rà ṣe. Mo ní kó tò ó sínú àwo ìdí ìkòkò, kó gbé ìkòkò lé e lórí, kí ihò ìdí rẹ̀ má bàa máa wọnú omi tó ṣàn jáde.