Sẹ́ńsọ̀ tó ń pariwo kọ́ ló kú, èyí tó dákẹ́ ni kẹ́ ẹ fura sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pikọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ lọ so sẹ́ńsọ̀, èyí tó máa ń ké tí nǹkan bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, ta ló sọ fún yín pé tó bá ti ń ké tíììì láìdákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fi í sí rìfáàsì, ó ti jóná nìyẹn? Gbogbo ẹni tí mo bi ló sọ bẹ́ẹ̀. Réwáyà tó so tèmi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní "Ọ̀gá, ó ti jóná, ẹ ra òmíràn", mo sì lọ ra odidi páálí tuntun, oní-sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin, ó tú ti àkọ́kọ́ ó so tuntun, mo fi í sí rìfáàsì, tíììììì. Owó ti lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni nǹkan yìí mọ̀ ọ́n ṣe: á ju ohùn síta, á wá dúró de gbohùngbohùn ẹ̀, bí àdán ṣe ń ṣe lóru. Ohùn ọ̀hún sábà máa ń tó nǹkan bíi 40 kHz (ìgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ní sẹ́kọ́ǹdì kan), etí tiwa kì í gbọ́ kọjá nǹkan bíi 20 kHz, ìdí nìyẹn tá ò fi ń gbọ́ ọ. Àpótí kékeré tó wà nínú ọkọ̀ ló ń ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà, tí ògiri bá wà ní mítà kan sẹ́yìn yín, ohùn á lọ á bọ̀ láàárín nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 6. Ẹ wá wò ó, tó bá ń ké tíììì, nǹkan kan ló sábà máa ń gbọ́ nítòsí yẹn, òkú wo ló ń gbọ́ràn?

Kí ló wá ń gbọ́? Lórí pikọ́ọ̀pù, ó lè jẹ́ ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọ́ tírélà tó yọ sójú ẹ̀, tàbí nọ́ńbà pléètì tó tẹ̀ síta, tàbí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn (ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná, ẹ jọ̀ọ́). Ó lè jẹ́ ilẹ̀ pàápàá: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì ọfà tàbí "UP" lẹ́yìn, tí wọ́n bá dojú ẹ̀ dé, ilẹ̀ ló máa kọjú sí, tẹ́ ẹ bá sì di ẹrù tó wúwo tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rọlẹ̀, bákan náà ni.

Tèmi ò sí nínú gbogbo ìyẹn o. Bọ́ńpà irin ni tèmi, irin sì máa ń gbọ̀n bí agogo, ìgbọ̀n sẹ́ńsọ̀ kan á gba inú irin lọ bá èkejì, èkejì yẹn á rò pé gbohùngbohùn ni. Rọ́bà roboto ló yẹ kó wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti irin. Rọ́bà yẹn wà nínú páálí! Réwáyà dà á nù pẹ̀lú ọ̀rá, lẹ́ẹ̀mejì. A fẹ ihò tí sẹ́ńsọ̀ wọ̀ lára bọ́ńpà díẹ̀ sí i, a fi rọ́bà sí i, ariwo pa.

Mi ò sọ pé kì í bàjẹ́ rárá. Ó ń bàjẹ́, pàápàá tí omi bá wọ inú ẹ̀, ṣùgbọ́n á sábà dákẹ́ ni, ìyẹn ló léwu, torí ẹ̀ẹ́ máa rò pé ẹ̀yìn yín mọ́ títí ẹ ó fi gbá géètì. Ẹ fi òkúta há táyà, ẹ fa háńdì-bíréékì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde, ẹ fi í sí rìfáàsì, kẹ́ ẹ wá fi ìka kan ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà láàyè á máa ta ìka yín tíkí-tíkí-tíkí. Tí ọ̀kan ò bá ta, ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ pààrọ̀ ẹnu wáyà ẹ̀ pẹ̀lú ti ẹnìkejì ẹ̀ nídìí àpótí: tí àìsàn yẹn bá tẹ̀ lé sẹ́ńsọ̀ lọ, sẹ́ńsọ̀ ló kú, tó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹnu àpótí ni. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń ṣe ségesège, ẹ lọ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ara irin ọkọ̀, àwọn réwáyà fẹ́ràn kí wọ́n máa dè é mọ́ irin tó ti dípẹtà.

Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó jóná yẹn, ẹ̀yìn ọkọ̀ àbúrò mi ni wọ́n wà báyìí, pẹ̀lú rọ́bà wọn.