Ohùn Jìtá Oníná Àtijọ́ Kò Sí Nínú Fáníìṣì Rẹ̀

Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé jìtá oníná tuntun jáde ní àwòrán ti àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Fender ti ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pẹ̀lú ọ̀wọ́ American Vintage II, nínú èyí tí a ti rí Telecaster bí ti ọdún 1951 àti Stratocaster bí ti ọdún 1957, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní yóò dún bí ti àtijọ́ nítorí pé fáníìṣì nitrocellulose ni wọ́n fi kùn ún. Àwọn mìíràn á ní kò lè dún bẹ́ẹ̀ láé, nítorí pé igi rẹ̀ kò tíì gbẹ fún àádọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tako ara wọn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù, èyíinì ni ìgbàgbọ́ pé inú igi àti ohun tí a fi kùn ún ni ohùn jìtá oníná ń gbé. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń mú kí àwọn ènìyàn náwó sí ibi tí ohùn kò sí.

Òòfà ni ó wà nínú pickup, ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lábẹ́ okùn jìtá oníná, pẹ̀lú wáyà bàbà tín-ín-rín tí a ká yí i po ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn jìtá, nítorí náà bí ó bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà, ó ń yí agbára òòfà náà padà, ìyípadà yìí a sì máa mú kí iná mànàmáná díẹ̀ ṣàn nínú wáyà, gẹ́gẹ́ bí Michael Faraday ti fi hàn ní ọdún 1831. Iná díẹ̀ yìí ni áńpílífáyà ń sọ di ohùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àrídájú lè ta okùn náílọ́ọ̀nù sórí jìtá oníná: igi yóò gbọ̀n, etí tí ó bá sún mọ́ ọn yóò gbọ́ ọ, síbẹ̀ áńpílífáyà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá.

Kódà, jìtá oníná tí George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1932, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó dé ọjà, alumíníọ̀mù tí a yọ́ dà ni ara àti ọrùn rẹ̀.

N kò sọ pé igi kò wúlò. Ó ń pinnu bí jìtá yóò ti wúwo tó, líle rẹ̀ sì lè ní ipa lórí bí okùn yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dákẹ́. Ti fáníìṣì ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni nitrocellulose jẹ́ nígbà àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó tètè ń gbẹ. Nínú àwọn àwọ̀ àkànṣe tí Fender ń lò ní àwọn ọdún 1960, òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe nitrocellulose, acrylic, irú ọ̀dà mìíràn, ni. Nitrocellulose ń pọ́n bí ó ti ń gbó, ó ń sán, ó sì ń rí bí ohun tí ọwọ́ ti lò pẹ́. Ẹwà gidi ni èyí, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń rí i.

Ibi tí ohùn wà gan-an ni ó yẹ kí a wò. Seth Lover ṣe humbucker, irú pickup oníwáyà-kíká méjì tí ó ń dín ariwo kù, fún Gibson, ilé iṣẹ́ jìtá mìíràn, ní ọdún 1955, ó sì dé orí jìtá wọn ní ọdún 1957. Iye ìgbà tí wọ́n ká wáyà lára àwọn ti ìgbà náà kò dọ́gba, òòfà wọn pàápàá yàtọ̀, nítorí náà jìtá méjì tí a ṣe ní ọdún kan náà lè dún yàtọ̀ síra. Bí wáyà bá pọ̀ sí i, ohùn a le, a sì pàdánù díẹ̀ nínú dídán rẹ̀. Ẹ fi gígùn okùn kún un, íǹṣì 25.5 ní ti Fender àti nǹkan bí 24.75 ní ti Gibson. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ilé iṣẹ́ òde òní kò lè ṣe lónìí láìdúró de igi kankan.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára láti dá padà. Ojú ọrùn Fender àtijọ́, níbi tí a ti ń tẹ okùn, tẹ̀ bí ọrun gan-an láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ìwọ̀n títẹ̀ rẹ̀ (rọ́díọ́ọ̀sì) jẹ́ íǹṣì 7.25; ó rọ ọwọ́ lọ́rùn fún kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bí a bá fa okùn gidigidi lápá òkè ọrùn, ó lè kan fret mìíràn, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tí ó dábùú ọrùn, kí ohùn sì kú. Irin idẹ mẹ́ta péré ni okùn mẹ́fà Telecaster àkọ́kọ́ gùn lé, méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó ṣòro láti mú kí okùn kọ̀ọ̀kan bá ohùn mu déédéé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí jìtá tuntun bá ní idẹ tí a gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti tún èyí ṣe, tí ọrùn rẹ̀ sì tẹ́jú díẹ̀ sí i, kò pàdánù ohùn àtijọ́ nípa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ohùn jìtá rẹ̀ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn, kí ó tó dá fáníìṣì lẹ́bi, kí ó fi tọnafíìsì gbé pickup sókè tàbí kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí ó sì tún tẹ okùn kan náà.