$15,000 kì í ṣe owó ẹnì kan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí kó sí àwọn ọmọ tó ń gbá tẹ́níìsì ní Kútọ̀ lórí. Ẹ ní ẹni tó bá gba ife M15, ìdíje tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá fún àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹ́níìsì ṣiṣẹ́ ṣe, ní Monastir, ní Tùnísíà, $15,000 ló máa gbé wálé. Rárá o! Owó gbogbo ìdíje náà nìyẹn, ti eléèyàn méjì-méjì wà nínú ẹ̀. $2,160 ni ti ẹni tó bá gba ife. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́, $156, kí wọ́n tó yọ owó orí. Àwọn tó kọ́kọ́ ń du àyè àtiwọlé ńkọ́? Kọ́bọ̀ ò sí. Owó bàálù, òtẹ́ẹ̀lì, okùn ráákẹ́ẹ̀tì tó ń já, àpò bàbá ẹni ni. Póìntì ATP, èyí tí wọ́n fi ń to àwọn ọkùnrin tó ń gbá tẹ́níìsì sí ipò lágbàáyé, ni wọ́n ń lé lọ síbẹ̀, 15 péré fún ẹni tó gba ife. Kí bàbá tó fẹ́ ta ilẹ̀ Ìdí-Àbà kọ́kọ́ ṣírò ìyẹn ná.